Ọ̀sẹ̀ Tí Adìẹ Ń Sín

"Ẹ bá mi di ìyẹ́ rẹ̀ mú dáadáa, Ìyáálé mi," ni ìyàwó Káfíńtà wí. "Tó bá fi lè já gbà mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí, ẹ̀yìn ilé Aránṣọ la ó ti lọ mú un."

Mo di ìyẹ́ àkùkọ náà mú. Ó fi ọwọ́ òsì yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àtàǹpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì kán oògùn sí i lójú, ẹ̀kán kan péré. Kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ títí ó fi ṣẹ́jú. Bákan náà ló ṣe àgbébọ̀ méjèèjì. Adìẹ mẹ́ta tí mo ní nìyẹn, òun náà ló sì fún mi ní gbogbo wọn.

"Ó parí o," ó wí, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Àfi pé tó bá di ọ̀túnla, ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń sín. Ojú wọn lè ṣomi, kí ara wọn sì wúwo díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Ẹni tó tà á fún mi ló là á yé mi bẹ́ẹ̀. Kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ."

"Mo ti gbọ́."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò, mà. Ẹ̀yin làgbà. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọ́n á ní ṣe ni mò ń wá àwáwí sílẹ̀. Tó bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n á gbà á gbọ́."

"Má ṣèyọnu. Màá sọ fún wọn."

Mo gbọ́ ọ ketekete. Kò sí ariwo kankan nínú àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ náà, etí mi méjèèjì sì pé.

Ìgò oògùn náà, tí kì í jẹ́ kí lúkúlúkú, àrùn ọ̀gbẹlẹ̀, pa adìẹ, kò gùn ju ìka mi lọ, ṣùgbọ́n igba adìẹ ló wà fún. Adìẹ tirẹ̀, tàgbà tọmọ, kò pé ọgọ́rin. Bí wọ́n bá sì ti ṣí ìgò náà, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ti di omi lásán nìyẹn. Ká ní èmi ni, màá da ìyókù nù, màá sì lọ sinmi. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìgò sínú ike omi tútù, ó fi aṣọ bò ó, ó sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kán an sójú adìẹ aládìẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí oòrùn tó kàn án látàrí, àdúgbò ti ń pè é ní Dókítà. Àwọn kan náà yìí ló ń pe èmi ní Ìyá Alákéèjì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sin adìẹ nínú àgbàlá yìí, kí gbogbo ayé mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Mo sì sìn ín bí ọ̀làjú. Ọkọ mi, tó ń ta páànù ìkọ́lé, ló bá mi ra kéèjì onírin, alájà mẹ́ta-mẹ́ta, tí wọ́n kùn lọ́dà. Igba adìẹ agríìkì ni mo kó sínú rẹ̀, wọ́n funfun báláú. Oúnjẹ alápò ni wọ́n ń jẹ, fáànù ló ń fẹ́ wọn. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò wọ́n, èmi náà a sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú burúkú-burúkú, iná lọ, fáànù dúró. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó lé ní ọgọ́rùn-ún tó ti kú, wọ́n na ọrùn síta láàárín irin. Àwọn tó kù jẹ oúnjẹ títí oúnjẹ fi wọ́n ju àwọn fúnra wọn lọ. Àwọn àgbà ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà; tèmi kò tilẹ̀ dúró dàgbà. Kéèjì nìkan ló ṣẹ́kù, ó gba gbogbo ògiri àgbàlá kan. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mò ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni pé àwọn tó ni ín ń bọ̀.

Àbúrò ọkọ mi ni Káfíńtà. Yàrá mẹ́rin iwájú ni tiwa, méjì ẹ̀yìn àgbàlá ni tirẹ̀. Ó ń kan páànù lórí ilé alájà kan nígbà tí igi dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já bọ́, kò sì lò ju ọjọ́ méjì lọ láyé lẹ́yìn náà. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé mẹ́rin. Ẹbí pàdé ní pálọ̀ wa, ọkọ mi jókòó sórí àga ńlá. Wọ́n ní àwọn kò lé obìnrin náà jáde, ojú àánú làwọn fi wò ó. Ọdún kan ni wọ́n fún un. Bó bá lè fi ọdún kan bọ́ àwọn ọmọ láì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kó máa tọ́ wọn lọ. Bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á pín wọn: obìnrin sọ́dọ̀ wa, ọkùnrin sọ́dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀ nílùú mìíràn.

"Ṣé ó yé ọ, ìyàwó?" ni ọkọ mi bi í.

"Ó yé mi, Bọ̀dá wa," ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi lọ́dún kan."

Mo rò pé kò ní lé ní oṣù mẹ́ta. Ohun tó ní kò ju pátákó tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ, àti àgbébọ̀ mẹ́rin pẹ̀lú àkùkọ kan, adìẹ ìbílẹ̀ lásán-làsàn. Nígbà tí mo rí i tó di òòlù mú, ẹ̀rín pa mí.

"Ìyàwó, kí lò ń kàn?"

"Ilé adìẹ ni, Ìyáálé mi."

"Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ kiri yìí náà?"

"Àwọn náà ni, mà. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ ara wọn. Ó ku kí n bá wọn wá a."

Ó sì bá wọn wá a. Ó gbé ilé adìẹ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ igi mẹ́rin kí eku má bàa ráyè débẹ̀. Ó kó pòròpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù sínú ìkòkò fífọ́, ó rin ín lómi, ó wá dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ níbi tí ikán wà. Tílẹ̀ bá mọ́, ikán á ti kún inú rẹ̀, òròmọdìẹ á sì jẹ yó láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó ń lọ àgbàdo lópòópónà wa ń fún un ní èérí. Nígbà tí àgbébọ̀ mẹ́ta bá ń sàba lẹ́ẹ̀kan náà, á jẹ́ kí wọ́n pa ẹyin tán, á wá kó gbogbo òròmọdìẹ jọ fún ọ̀kan ṣoṣo. Ó ní àwọn méjì tí kò lọ́mọ lẹ́yìn mọ́ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń padà yé. Ó ní ó máa ń ṣe òun láàánú, ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n fún òun, kì í ṣe méjì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sára ẹyin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ ní títà àti èyí tó yẹ kí wọ́n fi sàba. Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Gbogbo ìgbà tó bá rí ẹyin tuntun, á ké tòò, "Màmá mi, ó ti tún yé!" Ìyá rẹ̀ á sì fi gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á lọ wò ó, bí ẹni tí kò rí ẹyin rí láyé.

Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà, wọ́n ti lọ jìnnà. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù tí wọ́n bá rántí.

Kí oṣù mẹ́wàá tó pé, onílé oúnjẹ tó wà lójú títì ti ní ẹyin ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́. Àwọn ọmọ wọ bàtà tuntun lọ sílé-ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi ń jẹun, ó sì ń wo ẹyin tó wà níwájú rẹ̀.

"Wo bí pupa rẹ̀ ṣe pọ́n," ó wí. "Ti àwọn adìẹ rẹ ìjọ́sí, ṣe ló máa ń rí bí omi."

"Èwo ni ti adìẹ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mi ò bá ọ jà o. Mo kàn ní obìnrin yẹn gbọ́n ni. Tí ìpàdé ẹbí bá dé lóṣù tó ń bọ̀, màá sọ fún wọn pé ó ti yege. Kó máa tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ."

Ó ti yege. Mo fọ abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fọ́ méjì. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé ilé ọkùnrin yìí, kò sọ fún mi rí pé mo yege nínú ohunkóhun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan wá láti òpin ìlú, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi owó kékeré sin adìẹ ìbílẹ̀. Wọ́n tó méjìlá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú kéèjì mi, wọ́n mú ìwé àti bírò dání. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Àwọn irin yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Ti Ìyáálé mi ni," ìyàwó Káfíńtà dá a lóhùn. "Àwọn ló kọ́kọ́ sin adìẹ níbí. Lára wọn ni mo ti kọ́ ọ."

Irọ́ ni. Kò kọ́ nǹkan kan lára mi. Ó fi irọ́ bo ìtìjú mi níwájú àjèjì, mo sì mọ̀ pé inúure ló fi ṣe é. Ká ní ó bú mi ni, màá bú u padà, ìjà á sì parí síbẹ̀. Ta ló ní kó ṣàánú mi? Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ tó ń jẹ́: mo jowú rẹ̀. Mo jowú ẹyin rẹ̀, mo jowú ìkòkò ikán rẹ̀, mo jowú ohùn ọmọ yẹn tó ń ké pè é. Opó ni, aṣọ mẹ́ta ló ní. Kí ni wọ́n ń jowú lára opó? Mo bi ara mi, mo sì ń jowú lọ.

Inú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ra oògùn yẹn, tó sì rán mi níṣẹ́ sí àdúgbò bí mo ti sọ ṣáájú. Mo jókòó ti iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kìíní mo ní ó ti rẹ̀ mí, màá sọ fún wọn lọ́la. Lọ́jọ́ kejì mi ò tilẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kẹta, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sín kárí àdúgbò, ojú wọn ń ṣomi, Aránṣọ sì sáré wá síbi ọgbà tó pààlà láàárín wa.

"Ìyá Alákéèjì, ẹ gbà mí o! Kí ló ń ṣe àwọn adìẹ mi? Wọ́n ń sín bí ọmọ tí òtútù mú!"

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Kò gùn. Ṣe ni mo gbé e mì.

"Ǹjẹ́ kì í ṣe ìgbà tí ìyàwó wa kán nǹkan sí wọn lójú ló ti bẹ̀rẹ̀?" ni mo wí.

Aránṣọ káwọ́ lérí. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, ó ti lọ. Ẹnu Aránṣọ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ; kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé opó yẹn fẹ́ pa adìẹ gbogbo wa kí tirẹ̀ nìkan lè tà.

Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlara kì í jókòó sílé tó bá ti wọ bàtà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gba ọ́fíìsì wolé-wolé lọ. Yàrá kékeré kan ni, fáìlì ga lórí tábìlì débi pé iwájú orí ọkùnrin náà nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ń fi igi tayín.

"Àìsàn adìẹ?" ó wí. "Màmá, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló yẹ kẹ́ ẹ wà. Tèmi kò ju ìdọ̀tí àti gọ́tà lọ."

"Ọgọ́rin adìẹ tó ń sín káàkiri ilé àwọn èèyàn, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí?"

Ó yọ igi náà lẹ́nu. "Ojú tí a bá fi wò ó ni. Màá yà wá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìrìn-àjò ni."

Ó dé ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó Káfíńtà gbé ẹyin lọ fún onílé oúnjẹ. Kò wo adìẹ kankan. Ìdí kéèjì mi ló lọ tààrà. Ó fi ìka kàn án, ó mì ín, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Irin gidi rèé," ó wí. "Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ sin adìẹ agríìkì."

Kéèjì tí mi ò jẹ́ kí ọkọ mi tà, tí mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan gùn. Mo wò ó. Mo wo ilé pátákó tó wà lódì kejì, àgbébọ̀ kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń sín.

"Ẹ rán ọkọ̀ wá kó o," ni mo wí. "Tí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ yín tán."

Àwọn àgbà ní adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Obìnrin yìí kò da oògùn mi nù. Adìẹ mi gan-an ló kán oògùn sí lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá, òun àti òṣìṣẹ́ méjì tó gbé àpò ìdọ̀họ lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń ki adìẹ ní ẹsẹ̀ ni, wọ́n ń jù ú sínú àpò, àfi mẹ́ta tèmi tí mo ti há mọ́ ilé ìdáná. Ìyàwó Káfíńtà sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ta ló fún ọ ní àṣẹ láti máa tọ́jú ẹran ẹlẹ́ran? Ìwé-ẹ̀rí rẹ dà?" Ó gbé ìgò kékeré náà sókè, òfìfo, ó ti rí i lójú fèrèsé. "Kí lèyí?"

"Oògùn lúkúlúkú ni, sà. Kí lúkúlúkú má bàa pa wọ́n ni. Sísín yẹn kì í ṣe àìsàn. Ó ku ọjọ́ kan, bó pẹ́ jù, ọjọ́ méjì, ó máa lọ. Ẹ bi Ìyáálé mi léèrè! Ìyáálé mi! Ìyáálé mi o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ fún wọn!"

Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo di etí rẹ̀ mú kó má bàa mì.

Akọ̀wé ti dùbúlẹ̀ bo apẹ̀rẹ̀ tí àgbébọ̀ kan ń sàba nínú rẹ̀, kò sì sunkún. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ gbé ọmọ náà kúrò bí ẹni gbé ẹrù, ó mú adìẹ, ó dojú apẹ̀rẹ̀ dé. Ẹyin mẹ́tàlá fọ́ sílẹ̀, ọmọ ti ń dá nínú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ hàn lára èèpo. Wọ́n ní àwọn máa lọ sun gbogbo adìẹ náà níná. Mi ò gbóòórùn iná kankan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé wọ́n jẹun dáadáa ní ọ́fíìsì náà ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ wá kó kéèjì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ní àárín àgbàlá. Ó wo ilé pátákó tó ṣófo. Ó wo ògiri tí kéèjì wà tẹ́lẹ̀, bí ọ̀dà ibẹ̀ ṣe mọ́ yàtọ̀. Ó wá wò mí. Mo dúró kó bi mí, mo tilẹ̀ ti ro ohun tí màá sọ. Ó ní kí n gbé oúnjẹ òun wá.

Ìpàdé ẹbí pé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Pálọ̀ kan náà, àga kan náà. Ìyàwó Káfíńtà kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Kò bẹ̀ wọ́n fún owó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní oṣù mẹ́fà péré, ó ní òun mọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀, òun á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́," ni ẹ̀gbọ́n àgbà kan wí. "Ta ló ní kó o máa fi oògùn tí o kò mọ̀ pa adìẹ àwọn aládùúgbò?"

"Kò pa ìkankan, sà. Ẹ lọ wò wọ́n, gbogbo wọn ti dẹ́kun sísín. Mo mọ̀ pé wọ́n máa sín, mo sì sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀." Ó yíjú sí mi lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló burú jù. "Ìyáálé mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni ẹ di àkùkọ mú. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀ pé kẹ́ ẹ bá mi sọ fún àdúgbò. Ẹ rántí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: abẹ́ aṣọ mi ti rin gbingbin.

"N kò rántí," ni mo wí.

Ìyàwó Káfíńtà gbójú sílẹ̀, kò sì pè mí mọ́. Ọkọ mi wúkọ́, ó ní ẹnu àgbà kì í bọ́ sílẹ̀, ohun tí ẹbí sọ lọ́dún tó kọjá náà ni wọ́n máa ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọkùnrin náà wọkọ̀ pẹ̀lú àǹtí bàbá rẹ̀. Ó rò pé ìyá òun ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin gbé àpò rẹ̀ kọjá àgbàlá wá sọ́dọ̀ mi. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Oṣù náà kò parí tí wọ́n fi ní yàrá ẹ̀yìn ti di ti ẹbí, ìyàwó Káfíńtà sì lọ gba iṣẹ́ ìfọṣọ ní ilé ìtura kan, ibẹ̀ náà ló ń sùn.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, lúkúlúkú dé. Ó gbá òpópónà mẹ́ta lẹ́yìn wa mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi bárò kó òkú adìẹ lọ sí ààtàn. Ní òpópónà tiwa, ọ̀kan kò kú. Ti Aránṣọ wà láàyè. Tèmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè, àkùkọ ń kọ ní ìdájí bí ẹni pé òun ló ni ilé. Àdúgbò mọ ìdí rẹ̀. Aránṣọ wá síbi ọgbà, ó wò mí tìtì, ó ní, "Oògùn obìnrin yẹn mà ṣiṣẹ́ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi náà gbọ́. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé ẹbí mìíràn.

Àyè wákàtí kan ni ilé ìtura ń fún un lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn wá. Kì í wọlé wa. Á kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ kú ilé, mà," á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, á sì máa di irun fún un. Ọmọ yìí tí kì í sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni, mà" àti "rárá, mà" fún mi láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Sátidé, á máa rojọ́, á máa rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà á máa rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní yàrá tirẹ̀. Mo ra aṣọ fún un. Mo ń se ohun tó bá fẹ́. Kí ni wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín níta níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì gbígbẹ?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀rín náà pọ̀ jù. Mo ṣí fèrèsé.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni mo wí. "Wọlé wá kàwé rẹ."

"Ó ku apá ọ̀tún, mà," ni ìyá rẹ̀ wí. Wákàtí rẹ̀ kò tíì pé, àwa méjèèjì ló sì mọ̀.

"Mo ní kó wọlé."

Ó fi òòyà sínú àpò. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì lọ. Ní alẹ́, mo gbé àga sílẹ̀, mo ní kí Akọ̀wé wá jókòó kí n di èyí tó kù fún un.

"Rárá, mà," ó wí. "Ẹ ṣeun. Màmá mi ló máa parí rẹ̀."

"Lọ́jọ́ wo? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa fi lọ sílé-ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bẹ́ẹ̀ náà ló fi lọ lọ́jọ́ Ajé. Irun apá òsì wà ní dídì, ti apá ọ̀tún dúró gànnà-gànnà, ó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, ó sì ń kí gbogbo àgbàlagbà tó bá pàdé lópòópónà.